Ọbẹ̀ Ẹ̀fọ́ àti Wàrà tí Mo Gbé lọ sí Savalou

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ mi máa ń rùn kajú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí epo inú èèpo rẹ̀ ti bó mi ní ìka débi pé bí mo bá fọwọ́ kan iyọ̀, ṣe ni mò ń pòṣé. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Àwọn ará Íńdíà ti ń wá ra kajú lágbègbè wa nígbà náà, ọ̀kan nínú wọn sì gba ilé kan ní Savalou. Ó fi iwájú rẹ̀ ṣe àká, òun fúnra rẹ̀ ń gbé inú. Àwa obìnrin Bantè máa ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lásìkò kajú, a ó máa ṣa èyí tó dára kúrò lára èyí tó ti bàjẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá náà. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ẹyin pàápàá kì í kan ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń dáná fún un ti bá tirẹ̀ lọ, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kù tó ń jẹ, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti ń yọ̀ nídìí.

Lọ́jọ́ kan ó bi wá, ní Faransé tirẹ̀ tó ń kọsẹ̀ bíi tèmi, bóyá ẹnì kan nínú wa lè se ọbẹ̀ kan tí ìyá rẹ̀ máa ń sè: ẹ̀fọ́ tí a lọ̀ kúnná, tí wàrà dídì wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rò pé òun lè sè é kó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá dára, ẹni náà ni yóò máa dáná fún òun, yàrá kan àti ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn àká fún un. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti nawọ́. Kí ló wà nínú ẹ̀fọ́ àti wàrà tí obìnrin Bantè kò mọ̀? Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ó wé kóró kéékèèké kan tó ń ta sánsán sínú bébà fún mi, ó sì kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n má fi ẹja sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe ọbẹ̀ ló jẹ mí lógún, ilé ìdáná ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò nílé ọkọ, n kò tíì dá iná tèmi rí. Ààrò kan ṣoṣo ló wà nílé wa, ìyá ọkọ mi ló sì ni ín. Kò burú sí mi o. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé ìkòkò kaná kó má wá ṣí i, kó tọ́ ọ wò, kó fi nǹkan kún un. Ọkọ mi, tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Parakou, ní bí wọ́n bá gbà mí, òun náà á máa sùn sí Savalou. Ọkàn mi ti ń to àwo sínú yàrá náà.

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń gba ọ̀nà Agoua wá. Wàrà tiwa pupa ni. Wọ́n máa ń fi pòròpórò ọkà bàbà sè é kó má baà tètè bàjẹ́. N kò ronú kàn án. Mo já amúnútutù lẹ́yìn ilé, mo lọ̀ ọ́, mo gé wàrà sí i. Ni àwọ̀ pupa bá tú sínú ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ di àwọ̀ ẹrẹ̀, ó tún ń fà bí ilá. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó ní ṣé a ó jẹ ẹ́ ni àbí a ó fi rẹ́ ògiri. Ewúrẹ́ fimú kàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá obìnrin Fúlàní náà nílé wọn pé kó ta funfun fún mi kó tó fi pòròpórò sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìhòòhò wàrà ni mò ń rà. Mo fi tẹ̀tẹ̀ dípò amúnútutù. Àṣé ọlọ tí mo fi lọ̀ ọ́, ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń lọ irú lórí rẹ̀. Òórùn irú gba gbogbo ìkòkò. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Ìyàwó, ta ló ń lọ tẹ̀tẹ̀ kúnná báyìí? Ṣé ọkùnrin yìí kò léyín ni?"

"Ó léyín, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé wọn nìyẹn."

"Kò wá sí ẹja níbẹ̀?"

"Kì í jẹ ẹja. Mo ti sọ fún yín."

"Ta ló béèrè bóyá ó ń jẹ ẹ́? Àlejò ni. A ó gbé e síwájú rẹ̀ ná."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti fetí sí ohun tó ń sọ.

Nígbà tó di Sátidé, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo fi eérú àti iyanrìn fọ ọlọ títí apá fi ń ro mí. Mo bọ tẹ̀tẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, mo sáré dà á sínú omi tútù kó má baà ṣú. Mo fi òróró ẹ̀pà din wàrà funfun, mo din àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti tòmáàtì pẹ̀lú kóró inú bébà. Ọbẹ̀ náà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àkọ́rọ̀ òjò. Mo bò ó, mo fi aṣọ dì í, mo lọ wẹ̀.

Orí itan mi ni mo gbé ìkòkò náà sí nínú eruku títí dé Savalou. N kò ṣí i. Mo fẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣí i. Ó fọ ọwọ́, ó gbé àwo, ó tú aṣọ. Orí ẹja àrọ̀ gbígbẹ kan, tó tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ló yọrí láàárín ẹ̀fọ́, tó lanu sí i.

Ó wò ó pẹ́. "Màdáàmù," ó ní, "ẹja ni."

Faransé tí mo gbọ́ kò ju ti kajú lọ. Mo ní kí n yọ ọ́ kúrò, ó mi orí. Ó rọra dé ìkòkò pa dà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bu búrẹ́dì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, alásè kan láti Cotonou ti ń sá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú yàrá ẹ̀yìn àká.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Sátidé náà, ẹnu ọ̀nà ni mo bá ìyá ọkọ mi. Ó ní, "Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ẹ fi ẹja sí i, Ìyá."

"Mo fi sí i. Èyí tí mo fi pamọ́ de ọkọ rẹ ni. Ṣé ewé lásán lo fẹ́ gbé fún àlejò, kó lọ máa sọ nílé wọn pé òṣì ń ta ilé wa?"

Mo na ìkòkò sí i. Ó gba ìkòkò, ó bù ú síbi iyán, gbogbo ilé sì jẹ ẹ́ títí wọ́n fi fọwọ́ nu ìdí ìkòkò. Ó ní láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, n kò se ọbẹ̀ tó dùn tó báyìí rí. Ó béèrè ìgbà tí n ó tún sè é. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ, mo sunkún.

Ìyá náà ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ààrò ti di tèmi, àwọn ìyàwó ọmọ mi ló sì ń yí mi ká níbẹ̀ báyìí. Ẹja tó dára jù nílé ni ìyá náà fi tọrẹ lọ́jọ́ náà, òun tó máa ń fọ́ orí ẹja sí mẹ́rin fún wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé ó ti tán nínú mi, irọ́ ni mo pa. Bí mo bá ń sọ ọ́, àwọn ọmọ a máa rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì bá wọn rín in. Ohun tí n kò mọ̀ títí dòní ni bóyá mo tilẹ̀ sè é bí ìyá ọ̀gá náà ṣe ń sè é. Gbogbo ilé wa ló jẹ ẹ́. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè sọ fún mi kò tọ́ ọ wò.