Gúnrégé Kọ́ Ọ̀rọ̀ Tuntun

Nílé ìfọṣọ ńlá kan, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Gúnrégé. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lọ aṣọ níbẹ̀. Ìlà tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ bá là sára ṣòkòtò, èèyàn lè fi gé ọṣẹ.

Ní Ọjọ́rú, máníjà lẹ ìwé mọ́ ògiri: fífọ gọ́tà, àárọ̀ Sátidé, aago méje. Kò sówó níbẹ̀, bàtà ẹni ni omi ìdọ̀tí yóò sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀: voluntary.

Àárọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n máa tú báńdéèjì lójú ìyá Gúnrégé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọdún mẹ́ta ni ìyá ò fi ríran, ó sì ti ní ojú ọmọ òun lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Gúnrégé bi ìyá kan tó ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí níbiṣẹ́ wọn pé, "Kí ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ń sọ?"

"Ó ń sọ pé kí o wá."

"Gbogbo ìwé náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo bi yín."

"Gúnrégé, fi mí lọ́rùn sílẹ̀ o! Ẹni tó jókòó sílé lọ́jọ́sí, ìdí ìkòkò omi gbígbóná ni máníjà gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Nílé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. "Ohun téèyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe ni, Bàbá, tẹ́nikẹ́ni ò fipá mú un. Àmọ́ olùkọ́ wa ní ẹni tí ò bá tíì lo ọ̀rọ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ṣe gbólóhùn."

Gúnrégé kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé oúnjẹ yìí, voluntary ni?"

"Jíjẹ ẹ̀ ni voluntary. Fífọ abọ́ ò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kanlẹ̀kùn máníjà.

"Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ kan lára ìwé yín. Ẹ bá mi gbọ́ ọ bóyá mo lò ó dáadáa." Ó dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé. "Wíwá lọ́jọ́ Sátidé, voluntary ni. Wọ́n fẹ́ ṣí ojú ìyá mi lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, mi ò ní wá."

Máníjà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti ń tẹ́tí. Bó bá ní kò dáa, ìwé atúmọ̀ èdè yóò pè é lónírọ́; bó bá ní ó dáa, Sátidé ti lọ.

"Ó... ó dáa," ló wí, bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

Ìyá aláṣọ ìdọ̀tí yọjú lẹ́yìn Gúnrégé. "Ọ̀gá, èmi náà fẹ́ ṣe gbólóhùn."

Ní Sátidé, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì. Ìyá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹjú mọ́ ewú tó gba orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi dà? Ta ni bàbá yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ kẹ̀! Lọ́dún mẹ́ta péré? Kí ni wọ́n ń fi ẹ́ ṣe níbiṣẹ́ yẹn?"