Iṣu Àkọ́so Tí Morìnsọ́lá Gbé Fún Àánú

Morìnsọ́lá mọ ibi tí iṣu náà wà. Òun ló gbé e. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ilé ìdáná jáde tó figbe ta, ọmọ náà kàn fara ti ògiri, ó ń gé èékánná ọwọ́ rẹ̀ jẹ.

"Ìsí ó gbé uṣu mi? Mo ní ìsí ó gbé uṣu Olúwa ní ulé yìí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn Yèyé ní Ààyè-Èkìtì. Bó bá ń bínú, àwọn adìyẹ pàápàá á ti kúrò lágbàlá. Ìbínú tòní sì nídìí. Iṣu àkọ́so ni, èyí tó kọ́kọ́ wa lóko lọ́dún yìí, iṣu ńlá kan tó so màrìwò mọ́ lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé. Lọ́la ni ìdúpẹ́ ní ìjọ Áńgílíkà. Yèyé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ni yóò ṣáájú gbogbo wọn lọ síwájú pẹpẹ. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu.

Ta ni wọn ì bá mú bí kò ṣe Dúrójayé, ẹ̀gbọ́n Morìnsọ́lá? Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ká a mọ́bi tó ti ń sun iṣu ìdúpẹ́ jẹ lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá sì jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

"Yèyé, n kò gbé e. Mo lè fi Bíbélì búra."

"Má fi Bíbélì búra fún mi! Kúnlẹ̀! Apá sókè!"

Dúrójayé kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Yèyé ní kò ní dìde títí iṣu òun yóò fi dé.

Ẹ má fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ọmọ ọdún méje kì í ṣe eré lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Àánúolúwapọ̀, ọmọkùnrin nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí ìlú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ló ń jókòó ti Morìnsọ́lá ní kíláàsì. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ fẹ́ na Morìnsọ́lá nítorí pé kò ní pẹ́ńsùlù, Àánú ṣẹ́ tirẹ̀ sí méjì lórí orúnkún, ó fún un ní apá tó ní ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ọkàn Morìnsọ́lá kò sí lára rẹ̀ mọ́. Bó bá gbọ́ orúkọ Àánú, etí rẹ̀ á gbóná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún Àánú fúnra rẹ̀. Iṣu ló gbé fún wọn. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn nírọ̀lẹ́ àná níwájú ìyá Àánú, ó sì sá lọ láìsọ̀rọ̀.

Ní báyìí, ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ti pàṣán Yèyé. Bó bá jẹ́wọ́, Yèyé yóò lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà wọn, gbogbo kíláàsì yóò máa pe Àánú ní ajẹṣu-olè, Àánú yóò sì kó ìwé rẹ̀ lọ sórí bẹ́ǹṣì mìíràn. Ìyẹn ni kò lè fara dà.

Ó wo Dúrójayé. Apá ọmọkùnrin náà ti ń gbọ̀n. Òógùn àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀.

"Yèyé, èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Mo gbé e fún Àánú. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tí a bá fẹ́ràn jù là ń fún ní àkọ́so."

"Ọlọ́run ni mo ń sọ!"

"Mo mọ̀, Yèyé. Mo fẹ́ràn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Àánú ni mo fẹ́ràn jù."

Yèyé ní kí Dúrójayé dìde. Ó gbá ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó di ilé nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ti ń lọ, Morìnsọ́lá ń gbàdúrà sínú pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí Àánú má ṣáà mọ̀ pé olè lòun jà.

Òórùn iṣu sísè ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Kí Yèyé tó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ti fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú inúure, mà. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó fi ewé kan ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí ọmọ yìí gbé iṣu wá, mo mọ̀ pé àgbà kan ló rán an. Mo sunkún, mà."

Yèyé wo obìnrin náà nílẹ̀. Ó wo ìkòkò lórí iná. Ìbínú kò kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó máa dà á sí.

"Dìde, ọmọ mi," ló sọ. "Èmi ni mo rán an."

Ara Morìnsọ́lá rọ̀ wọ̀ọ̀. Àdúrà ti gbà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ mọ́.

Àánú sáré jáde, epo pupa yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Yèyé. "Ẹ ṣé, mà. Iṣu yín dùn gan-an." Kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Morìnsọ́lá dúró sí.

Ó dun Morìnsọ́lá dé egungun. Iṣu rẹ̀ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún yìí.

"Irọ́ ni!" ló ké, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Yèyé kọ́! Èmi ni mo jí i! Èmi ni mo fún ẹ!"

Àánú gbé orí sókè nílẹ̀, ó wò ó. Bóyá "jí" ló gbọ́, bóyá "fún ẹ" ni, Morìnsọ́lá kò mọ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin náà kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.