Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Rà ní Ọ̀yìngbò

Àwa tí à ń ránṣọ ní Muṣin ní àṣà kan. Bí a bá gé gáùn fún obìnrin, a ó fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, a ó ká a mọ́ inú, a ó rán an pa. Nítorí kí ni? Nítorí pé obìnrin á sanra. Bí a ti gbà á nìyẹn. Obìnrin tó wà nílé ọkọ tí kò sanra, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá sanra, wọ́n á ní ó rí ìtọ́jú. Ojú la fi ń wọn àlàáfíà ara wa, bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà, a ò sì rántí pé iṣu tó tóbi lè jẹrà nínú.

Aṣọ tí mo fi sílẹ̀ nínú gáùn àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, èyí tí wọ́n bí tẹ̀lé mi. Ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ládìpọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti ọ̀hún, èmi àti àbúrò mi la jọ máa ń gbọ́ òòlù àwọn tó ń lu irin. Orúnkún ló ń dun àbúrò mi. Orúnkún àgbà ni, kì í ṣe ohun àjèjì. Tèmi náà ń dùn mí. Mo máa ń fi òróró pa á, mo sì máa ń bú u.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń fara da nǹkan. Ó lọ ra ẹja gbígbẹ ní Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ kan, ó sì pàdé ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ẹ mọ irú wọn. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí mọ́tò, ó wọ kóòtù funfun tí kò funfun mọ́, ó sì fi ike kan ṣoṣo wo gbogbo àrùn ayé. "Orúnkún tó ń ró kẹ̀kẹ̀, ẹ̀yìn ríro, jẹ̀díjẹ̀dí, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àìróorunsùn, oògùn kan náà ni o!" Oògùn tó wo orúnkún, tó wo ojú, tó tún wo ìdí! Kò sí ẹnì kan nínú èrò yẹn tó bi í pé kí ló dé tí eyín òun fúnra rẹ̀ fi jẹrà. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà.

Àgúnmu ni, ó dà bí elùbọ́ inú ike. Ọkùnrin náà ní ewé àti egbò lásán ni. Àbúrò mi ń fi ṣíbí bù ú sínú ẹ̀kọ láàárọ̀, ó tún ń lá a lálẹ́. Kò pẹ́ rárá tí orúnkún fi dákẹ́. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì jó yípo níwájú máṣíìnì mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí! Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bú ọkùnrin yẹn?"

"Mo ṣì ń bú u."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rà díẹ̀."

"Fi pamọ́ dìgbà tí mo bá fẹ́ kú."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá ń kún. Ojú rẹ̀ rí roboto, ó pọ́n, ó ń dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú epo jáde. Ah, inú àdúgbò dùn! "Àlájà, ẹ mà ń jayé o!" "Àlájà, Bàbá ń tọ́jú yín!" Obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, tí kì í kí ènìyàn bí kò bá rí ohun tí yóò yìn tàbí ohun tí yóò bú, a máa na ọwọ́ fà á lẹ́rẹ̀kẹ́ bí ọmọ ọwọ́. Ọkọ àbúrò mi ní tirẹ̀ wá ń rìn bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bí amọ̀kòkò.

Téèpù kì í pọ́n ènìyàn lé. Nígbà tó gbé gáùn rẹ̀ wá pé kí n tú u, mo wọn ikùn rẹ̀, ó ti lọ jìnnà. Mo tú gbogbo aṣọ tí mo fi pamọ́ sílẹ̀, kò sì tó. Ṣùgbọ́n apá gáùn kan náà tó ń fún un tẹ́lẹ̀ ti wá ń ṣe pẹlẹbẹ, kò rí ẹran kún un. Apá rẹ̀ ti rù, itan rẹ̀ ti rù. Ẹran kan sì ti yọ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀ tó ń ti kọ́là sókè. Ibi tí téèpù ti fún un díẹ̀ lápá, ibẹ̀ dúdú lójú ẹsẹ̀.

"Irú sísan wo lèyí?" ni mo bi í. "Ikùn ń lọ, apá ń bọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìlara ni. Ẹ̀yin lẹ ò sanra."

Mo padà sídìí aṣọ tí mo ń rán. Èèyàn kì í bá ẹni tí wọ́n ń yìn jiyàn.

Oṣù ààwẹ̀ dé. Àfáà àdúgbò wa, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ti sọ fún un pé àgbà tó ń lo oògùn lè fi ààwẹ̀ sílẹ̀ kó bọ́ aláìní. Àbúrò mi ní ṣé òun ló dàgbà jù ni? Ó ní ara òun le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun jẹ́rìí, ààwẹ̀ mímọ́ tónítóní lòun fẹ́ gbà, oògùn kankan kò ní wọ ẹnu òun lọ́sàn-án lóru títí oṣù á fi parí. Ó da ìyókù àgúnmu sí gọ́tà.

Kò tíì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Inú ń run ún, wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ó ń bì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú ikùn tí yóò bì. Obìnrin òdìkejì ọ̀nà wá ń gbọn orí lókè rẹ̀, ó ní, "Àlájà, láádá yín pọ̀ o!" Àgbàyà. Nígbà tí mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini nínú ooru yẹn, kò lè gbé orí sókè, ó sì ń fi orúkọ ìyá wa tó ti kú pè mí.

Mo ní kí ọkọ rẹ̀ gbé mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣínu ná."

"Bí o bá dúró de oòrùn, ìyàwó ẹ náà á bá a wọ̀. Gbé mọ́tò!"

Ọsibítù kan ní apá Sùúrùlérè la gbé e lọ. Dókítà tó bá wa jókòó kò ju ọmọ mi àbígbẹ̀yìn lọ. Ó bi wá pé oògùn wo ló ń lò. Ọkọ rẹ̀ tètè dáhùn, "Kò lo nǹkan kan o. Àgbo lásán ni." Ẹ wo irọ́ tí kò wúlò. Ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ, ó ń dáàbò bo orúkọ rere ike Ọ̀yìngbò.

"Àgbo lásán kọ́," ni mo wí. "Àgúnmu kan ni, ó ti ń lá a tipẹ́tipẹ́. Ìgbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló dá a dúró."

Ojú dókítà yí padà. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn àbúrò mi, ó gbé apá rẹ̀ sókè wò, ó wo ojú roboto náà. Kò yìn ín. Ó sáré. Wọ́n fa omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i nínú iṣan, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àbúrò mi ti jókòó, ó ń béèrè ẹ̀kọ.

Ìgbà yẹn ni dókítà pè wá. Ó ní ewé àti egbò kọ́ ló wo orúnkún. Wọ́n ti lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgúnmu náà, oògùn tó jọ oje tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ tí òun gún un.

Ọkọ rẹ̀ fò sókè. "Èyí tó fẹ́ pa á náà lẹ tún fún un?"

"Bàbá, ẹ jókòó. Kì í ṣe pé ó lò ó nìkan ló gbé e ṣubú. Ó tún dá a dúró lójijì."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ẹran kékeré méjì wà tó dé orí kíndìnrín wa bí fìlà. Èèpo rẹ̀ máa ń fi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe oje oríṣiríṣi. Ọ̀kan ń di iyọ̀ mú nínú ara kí omi ara má baà ṣàn lọ. Òmíràn ló ń pọ̀ sí i ní ìdájí láti jí wa, òun ló ń jẹ́ kí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ebi bá wà, òun ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ lágbára nígbà àìsàn. Inú ẹran náà gan-an ló ń tú oje ìjayà jáde, èyí tó ń mú kí àyà ẹni lù kìkì bí ajá bá ń lé wa. Ṣùgbọ́n èèpo yẹn kì í dédé ṣe oje ìdájí yẹn. Abẹ́ ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá, láti ara ohun kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Bí oje ìdájí náà bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, hóró yẹn á ránṣẹ́ sí i. Bí oje bá pọ̀, á panu mọ́.

"Ó dà bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò..." ni dókítà bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kó fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ Èkó, jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Ṣé bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbé aṣọ tí wọ́n ti rán wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́ ni? N kò ní pe ọmọṣẹ́ mi mọ́. Á sùn lọ. Abẹ́rẹ́ á dípẹtà. Lọ́jọ́ tí aṣọ náà kò bá wá mọ́, tí ọdún sì kàn wá lára, ìhòòhò la ó wà."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màmá. Ẹran náà ti sùn, ó ti kéré. Ààwẹ̀ sì ni ìgbà tí ara nílò rẹ̀ jù."

Ọkọ àbúrò mi fọwọ́ gbé àgbọ̀n. "Dókítà, ṣé ẹ ò lè bá wa fi tòkunbọ̀ sí i?"

Ládìpọ̀ ti jẹ ọpọlọ ọkùnrin yẹn tán. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ẹ fi tòkunbọ̀ sí orí tiẹ̀ ná."

Dókítà ní kó máa lo oògùn kékeré láràárọ̀, kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹran náà á fi jí. Kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí ibà bá mú un, kó tètè wá kí wọ́n fi kún un. Bó bá sì padà sídìí àgúnmu, tó tún dá a dúró lọ́jọ́ kan, ó lè má bá wa délé.

A délé. Oṣù ń gorí oṣù, oògùn ń dín kù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ẹran ẹ̀yìn ọrùn lọ. Orúnkún padà dé, ó mú ẹrù rẹ̀ wá. Ẹnu tó yìn ín nígbà tí ara rẹ̀ ń bàjẹ́ wá ń káàánú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ń sàn. "Àlájà, kí ló dé tẹ́ ẹ rù báyìí? Ṣé kò sí o?" Obìnrin òdìkejì ọ̀nà fẹ́ fà á lẹ́rẹ̀kẹ́, kò rí nǹkan kan mú. Àbúrò mi á wọlé, á jókòó ti dígí mi, á máa fọwọ́ pa ojú rẹ̀.

Gáùn rẹ̀ ti wá ń ṣe gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lára rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n gé e.

"Ẹ má gé e o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kàn ká a mọ́ inú. Ara mi á padà."

Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Obìnrin tó bá ní kí o ká aṣọ mọ́ inú, ó ń retí ẹran tí yóò wọ̀ ọ́. Ọ̀yìngbò ló ń wò. Mo fi gáùn náà kọ́ sára ògiri, n kò ká a, n kò gé e.

Ó ku díẹ̀ kí ọdún Iléyá dé ni mọ́tò ọkùnrin Ọ̀yìngbò yẹn rìn wọ àdúgbò wa fúnra rẹ̀. Àbúrò mi jókòó lọ́dọ̀ mi, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. "Orúnkún tó ń ró kẹ̀kẹ̀..." Ó dìde. Àyà mi já, ẹnu mi gbẹ táútáú, àtẹ́lẹwọ́ mi tutù, sísọ́ọ̀sì sì ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti mọ ibi tí ìyẹn ti ń wá báyìí, orí kíndìnrín ni. Àbúrò mi tiro dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà dá a mọ̀.

"Àlájà mi! Ta ló sọ yín dà báyìí? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dà?"

Àbúrò mi wò ó láti orí dé bàtà.

"Ọwọ́ ẹ ló wà. Máa lò ó."

Ó yí padà, ó já gáùn náà lára ògiri, ó jù ú sórí máṣíìnì mi. "Ẹ gé e."

"Ṣé kí n ká a mọ́ inú?"

"Ṣé etí yín di ni, Ẹ̀gbọ́n mi? Mo ní ẹ gé e."

Mo gé e lọ́tùn-ún, mo gé e lósì, gbogbo àjẹkù rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Lóde, obìnrin òdìkejì ọ̀nà ti na ọwọ́, ó ń gba ike méjì.

Àbúrò mi tún gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń yí ojú pọ̀. "Òróró yín yẹn dà?"

Mo na ìgò sí i. "Bí o bá ń pa á," ni mo wí, "máa bú u. Òróró nìkan kò tó o."