Aṣọ Ẹtù Tí Mo Ró Wọ Ilé Bàbá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Ojú mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà èwe ni bàbá mi ti kúrò l'Ọ̀tà, kò sì wálé mọ́, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kí òun náà tó kú, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí n sin òun sílé. Mo fi òkú rẹ̀ sí mọ́ṣúárì, mo wọkọ̀ wá bẹ ẹbí kí wọ́n fún wa nílẹ̀.

Mi ò fẹ́ wọ jíǹsì dé iwájú wọn bí àlejò. Ní Ìyànà Ìyẹsí, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ìyá arúgbó kan ti ń ta aṣọ òkè. Aṣọ tuntun pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹtù kan tó ti gbó díẹ̀ ni mo mú. Mo rò pé aṣọ àtijọ́ ni yóò fi mí hàn bí ọmọ ilé. Ọmọ tí wọ́n bí sókè Ọya, kí ló mọ̀?

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló ró o mọ́ mi nídìí. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí:

“Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó ń bọ̀ wálé?”

“Ó ń bọ̀, Màmá.”

Mo ti jáde kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò dárúkọ bàbá mi fún un. Mo ní bóyá ojú mi ló jọ ti ẹbí bàbá mi. Inú mi tiẹ̀ dùn.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí mi ní agbo ilé wa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Kò wo ojú mi, ibi tí wọ́n fi òwú pupa lẹ̀ létí aṣọ náà ló ń wò. Ó ní òun ló lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó fi aṣọ yẹn wé ìyá òun àti bàbá mi sínú pósí.

Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀, mo sunkún. Àwọn ẹbí ní aṣọ tó bá òkú wọlẹ̀ kì í padà wọlé, àwọn ò sì lè gba òkú lọ́wọ́ ẹni tó ró o wá.

“Ìwọ àti bàbá ẹ,” ni àbúrò bàbá mi rọra sọ, “ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà.”

Mi ò padà lọ wo ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kí ni mo fẹ́ lọ rí? Jọ́ọ̀sì ni mo sin bàbá mi sí, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ìyá yẹn fẹ́ kí ọmọ òun wálé ni, tàbí ṣe ló fẹ́ dí i lọ́nà. Ó ń dùn mí gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé baba yín tẹ́ ò dé rí, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ara yín ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ. Kí wọ́n pè yín ní àlejò. Àlejò, wọ́n á fún un lómi.