Bẹ́ẹ̀dì Amọ̀ Ìyá Oko

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe ìrìbọmi Tinúkẹ́, bàtà mi kọ̀ láti wọ ẹsẹ̀ mi. Bàtà tí mo wọ̀ ṣe ìgbéyàwó ni, mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ mí. Mo fi ọṣẹ pa gìgísẹ̀, mo tì í títí, kò wọlé. Nígbà tí mo fi ìka tẹ orí ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ jìn wọlé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ tùwó.

Mo pe ìyá ọkọ mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó mi, o ti ń sanra! Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé mò ń febi pa ọ́ ni.”

Sílípáàsì ni mo wọ̀ lọ ṣe ìrìbọmi ọmọ mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo obìnrin ló ń kí Màmá pé wọ́n kú ìtọ́jú, pé ìyàwó wọn ti kún dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo kún. Omi ni mo fi kún, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá ọkọ mi jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni wọ́n. Ká ní ìkà ni wọ́n ni, ìbá rọrùn fún mi. Ìyá Oko ni gbogbo Dakace, àdúgbò wa ní Zaria, ń pè wọ́n. Ìyàgbà ni baba wọn ti wá, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí wọn sí, Hausa sì yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Ọkọ wọn bá àwọn ará Numan, láti Adamawa, ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Lútérànì ni àwọn ará Numan yẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni tọkọtaya náà sì ti di Lútérànì. Nígbà tí ọkọ kú, Màmá gbá oko àlùbọ́sà àti tòmátì rẹ̀ mọ́ àyà, òun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Wọ́n mọ kátíkísìmù lórí. Bí wọ́n bá ń roko, wọ́n á máa bi ara wọn ní ìbéèrè inú rẹ̀, wọ́n á sì máa dá ara wọn lóhùn. Nígbà tí ẹnì kan so tírà mọ́ Tinúkẹ́ lọ́rùn, wọ́n já a, wọ́n jù ú síná, wọ́n ní ilé Jésù kì í lo oògùn.

Bẹ́ẹ̀dì amọ̀ wọn kò sí lára ohun tí wọ́n kà sí oògùn. Ìtọ́jú abiyamọ ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ àwọn Hausa tó yí wọn ká ni wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré, wọ́n sì gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe gba Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì gbọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ bẹ́ẹ̀dì náà sínú yàrá, abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí. Orí rẹ̀ ni èmi abiyamọ ń sùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á ri ẹ̀ka dóńgóyárò bọ inú omi tó ń hó, wọ́n á fi máa na ara mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé kunun kanwa fún mi, ìyẹn ògì jéró tí wọ́n fi káún sè. Igbá ńlá ni. Ogójì ọjọ́ ló yẹ kí ó gbà, kí òtútù má baà wọ inú ibi tí ọmọ ti jáde.

Tíṣà ni mí. Mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìlera. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi ti kú kí n tó lọ́kọ, kò sì sí ẹni tó lè bá mi sọ fún Màmá pé ó tó. Ta ni èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àkọ́kọ́, tí màá bá ẹni tó bí méje jiyàn?

Lẹ́yìn ìrìbọmi, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí mi á dínkù, bí ẹni pé wọ́n gbé àpò ọkà lé mi láyà, àfi kí n dìde jókòó. Láti yàrá dé ìdí kànga, mo ní láti dúró sinmi. Ọkàn mi ń lù kìkìkì, mò ń gbọ́ ọ nínú etí. Mo sọ fún Màmá.

“Òtútù ni,” wọ́n ní. “Sanyi ti wọ̀ ọ́ lára. Iná yìí ló kéré.”

Wọ́n bá fi igi kún igi. Wọ́n fi káún kún káún. Wọ́n ń gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń koná, omijé sì ń dà lójú wọn. Èéfín ni àbí àánú, mi ò mọ̀. Ohun tí ń pa mí ni wọ́n fi ń tọ́jú mi, tìfẹ́tìfẹ́.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan, Màmá ti lọ sí ìsìn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ètè mi ti dúdú, mi ò lè fún ọmọ lọ́mú nítorí mi ò lè gbé e. Mo ní kí ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn.

“Ṣe sùúrù, Ìyá Tinúkẹ́,” ó ní. “Jẹ́ kí Màmá dé ná. Tí wọ́n bá délé tí wọn ò bá wa, kí la fẹ́ sọ?”

Ladi, obìnrin Hausa tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, ló wọlé wá ra àlùbọ́sà. Ó wò mí, ó ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó fi ìka tẹ ojúgun mi.

“Wannan ba sanyi ba ne,” ó sọ fún ọkọ mi. “Zuciya ce.” Èyí kì í ṣe òtútù, ọkàn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orogún òun ṣe wú kó tó kú.

Ọkọ mi tún ní a ń dúró de Màmá.

“To, ka jira gawa,” ni Ladi wí. Ó ní kó dúró de òkú nígbà náà. Ó jáde síta, ó sì na ọwọ́ dá ọkọ̀ tó ń kó tòmátì dúró. Láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni mo jókòó dé ilé ìwòsàn, ọkọ mi gbé Tinúkẹ́ tẹ̀lé mi. Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, ẹlòmíì ni ìbá máa kọ ìwé yìí nípa mi.

Wọ́n fi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de dókítà. Mo fi orí lé èjìká ọkọ mi, mo ń ka èémí, ẹ̀rù ń bà mí pé èyí tí mo bá mí yìí ni ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé wọ́ọ̀dù, mo rí ohun tí mi ò retí: àwọn abiyamọ bíi tèmi, lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn wú, gbogbo wọn jókòó tí wọ́n fi pílò ti ẹ̀yìn. Hausa ni gbogbo wọn. Dókítà tó wá wò mí gbọ́ orúkọ mi, ó dúró.

“Yorùbá ni yín? Ta ló wá ń fún yín ní kunun kanwa?”

“Ìyá ọkọ mi ni, sà. Yorùbá ni àwọn náà.”

Ó mi orí. Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì ń ṣàlàyé fún yín. Ọkàn ni ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Tèmi ti dẹ̀, bí irọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Omi inú ẹ̀jẹ̀ wá ń jò sínú ẹsẹ̀, sínú ikùn, àti sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí ikọ́ fi dé. Oyún àti ìbímọ ti kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Káún jẹ́ ọmọ ìyá iyọ̀, ó ń dá omi dúró sára. Ooru ní tirẹ̀ ń mú kí ọkàn sá eré tí kò lágbára láti sá. Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń mú kí èèyàn tọ̀, àti èyí tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù pẹ̀lú agbára. Mo tọ̀ títí ó fi tì mí lójú. Oúnjẹ mi ò gbọdọ̀ ní iyọ̀ rárá, ó sì rí lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ páálí.

Màmá wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú fúláàsì. Mo gbọ́ òórùn kunun kanwa inú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì níṣojú wọn. Màmá figbe ta.

“Mo bí méje lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn! Kò sí èyí tó kú, èmi náà ò kú! Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé èmi ni mo fẹ́ pa ìyàwó ọmọ mi ni?”

Wọ́n wò mí pé kí n sọ̀rọ̀. Mo yí ojú sí ògiri.

Mo fúyẹ́. Ẹsẹ̀ mi padà di ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, dókítà ní kí n máa lo oògùn lọ, kí n sì má lóyún mọ́. Ó ní tí mo bá tún lóyún, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá yè é. Tinúkẹ́ ni àkọ́bí mi, òun náà ni àbíkẹ́yìn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mi ò lè mí lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà lọ dúpẹ́. Wọ́n ní àdúrà ló ṣe é. Wọn ò dárúkọ Ladi, wọn ò dárúkọ dókítà, wọn ò sì sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Ìjọ kọ hallelúyà. Mo retí kí wọ́n délé kí wọ́n sọ fún mi pé, “Ìyàwó mi, pẹ̀lẹ́, mi ò mọ̀.” Wọn ò sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì amọ̀ sì wà nínú yàrá níbẹ̀, wọ́n ń to àlùbọ́sà lé e lórí.

Ọdún kan àti díẹ̀ kọjá. Rónkẹ́, ọmọbìnrin wọn tó lọ́kọ sí Kwangila, ránṣẹ́ pé oyún òun ti pé oṣù, òun ń bọ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ Màmá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ọkọ́ nínú yàrá. Màmá ni. Wọ́n ká aṣọ sí ìdí, wọ́n ń fọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ru òkìtì amọ̀ rẹ̀ lọ dà sí ẹ̀gbẹ́ oko, wọ́n wá fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Wọn ò wo ojú mi. Ó yé wọn, ẹ ò rí i? Ó ti yé wọn láti ọjọ́ fúláàsì. Ara mi ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọ wọn ni wọ́n sì lò ó fún.

Rónkẹ́ bímọ. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, ògì lásán ni wọ́n fún un. Àwọn obìnrin ìjọ ń bi wọ́n pé iná ńkọ́, kanwa ńkọ́, wọ́n sì ń dáhùn pé ayé ti yí padà, èèyàn ní láti lo ọgbọ́n. Gbogbo wọn ń yìn wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹsẹ̀ abiyamọ yín bá ń wú, tí kò lè sùn gbalaja, ẹ má kí i pé ó ń sanra. Ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni kó ti ìsìn dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ladi, tí mo ń lọ kí ní gbogbo Sálà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkàn mi yìí pàápàá, tó dẹ̀ tí kò já. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ mi korò lẹ́nu, mi ò ní purọ́.

Ní ọjọ́ ìrìbọmi ọmọ Rónkẹ́, ó ń wọ bàtà rẹ̀ nínú yàrá. Mo tẹ̀ba sí iwájú rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì mú ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ dìde padà kíá. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Màmá ti dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti rí mi. Wọ́n ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni wọ́n wí. “Agogo ti lù.”