Omi Tí Màmá Mi Ò Mu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ màmá mi.

Alhaja tó bí mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé bàbá wa ní Ọ̀fà. Ìjàgbò ni mò ń gbé, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ wò wọ́n.

Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ràbí, ìgbà wo lo dé?" Ràbí kẹ̀? Àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́ ni Ràbí! Mo fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn ò gbóná.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìlọrin. Kíá ló ti dájọ́! Ó ní ogbó ti dé, ká ti ilé pa, òun ń bọ̀ wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀, màmá mi ti sọ fún wa pé inú ilé yẹn làwọn fẹ́ kú sí. Mo sunkún, kí n má parọ́.

Níbi tí mo ti ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn ni mo ti rí i pé ìtọ̀ ti kán sí i, òórùn ẹ̀ sì le. Mo gbé wọn sí kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wọn wò. Dókítà ní infẹ́kíṣọ̀n ojú ìtọ̀ ni, pé lára àgbàlagbà, ó lè má mú ibà wá rárá, kó kàn da orí rú lójijì.

Lẹ́yìn oògùn àti omi tí wọ́n fà sí wọn lára, ojú wọn là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi. Mo bi wọ́n léèrè, ṣé wọ́n ń mumi? Wọ́n ní rárá o, bí àwọn bá mumi, ìtọ̀ á máa gbọ̀n àwọn, àlùwàlá á bàjẹ́, orúnkún ò sì jẹ́ káwọn lè máa bẹ̀rẹ̀ ṣe òmíràn. Àlùwàlá àílà ọ̀sán ni wọ́n fi ń kírun títí dé ìṣáì alẹ́! Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n á mú un mọ́ra. Dókítà ní ohun tó fa àìsàn ọ̀hún nìyẹn.

Ta lèèyàn fẹ́ bá jà? Nígbà tá a padà délé, mo ra àpótí gíga tí wọ́n á máa jókòó lé ṣe àlùwàlá, mo gbé kẹ́tùlù omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní ká máa kẹ́rù. Màmá mi gbé ife omi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o tọ̀ sórí ẹní títí o fi wọ iléèwé, ṣé mo lé ẹ kúrò nílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹrù sílẹ̀, ó lọ pọnmi sí kẹ́tùlù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí orí àgbà yín bá dà rú lójijì, ẹ má tètè pè é ní ogbó. Ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ nílé tiyín náà? Ẹ sọ fún mi, mò ń kà á.