Ọjọ́ Tí Gbogbo Ilé Àwọn Ìpínlẹ̀ Dìde

Ìró ìṣó tó ti dípẹtà, bí wọ́n ṣe ń fà á yọ lára pákó, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tí mo bá rántí ọdún náà. Ní Molutẹhin, tí òkun bá ti sún mọ́ ilé jù, a kì í dúró dè é. A ó tú ilé náà ní pákó pákó, a ó kó o sínú ọkọ̀, a ó sì lọ tún un kàn sẹ́yìn. Àwọn ará òkè máa ń ní omi kò lọ́tàá. Kí wọ́n wá gbé ọ̀dọ̀ wa wò.

Ilé Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni wọ́n ń tú lọ́dún náà. Èmi kò sí nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo sì ti ríṣẹ́ ní olú-ìlú, nínú Ilé Àwọn Ìpínlẹ̀, níbi tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti rán àgbà wá láti máa gba ìjọba àpapọ̀ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn nìkan ni agbára wọn mọ. Wọn kò lè ṣòfin. Omi mímu ni mo ń gbé fún wọn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fi táì rìn, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni ilé náà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ òkun wa dé iwájú wọn, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba mọ odi dí òkun dìde. Gbogbo wọn ló dìde. Mo sáré jáde, mo pe ilé.

"Wọ́n ti gbà! Wọ́n fẹ́ mọ odi!"

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tó ń yọ ìṣó, ló gbé fóònù. "Akọ̀wé ìjọba! Ṣé gbogbo wọn ló gbà, àbí àwọn kan ṣì ń jiyàn?"

"Gbogbo wọn ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó parí! Ìyá, ẹ jókòó sílé yín o. Pákó yín ti fẹ́ kán mi lẹ́yìn."

Lọ́dọ̀ wa, tí baálẹ̀ àti àwọn àgbà bá ti fẹnu kò, ọjọ́ kejì ni gbogbo ìlú ń jáde síṣẹ́. Àgbà kì í fẹnu kò lásán. Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó padà. Mo ń gbọ́ hámà nínú fóònù, mo ń gbọ́ Ìyá àgbà tó ń súre fún mi, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n fi kún un pé ìjọba lè gbà, ó sì lè kọ̀. N kò sọ ọ́. Bóyá ẹ̀rù ló bà mí. Bóyá mo kàn fẹ́ kí wọ́n fi mí yangàn díẹ̀ sí i. Mo ti rò ó títí, n kò mọ èyí tó jẹ́.

Ìjọba kò fèsì. Òkun ló wá, lọ́sàn-án, nígbà tí Ìyá àgbà wà lọ́jà. Ó kó ilé lọ, ó kó pákó lọ, kò ku ohun tí a lè tún kàn níbòmíràn.

Yàrá kan ní Mahintedo, níbi tó jìnnà sí òkun, ni Ìyá àgbà ń gbé báyìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí n kò sọ, ó ní, "Ọmọ mi, o kéré jù láti dá òkun dúró." Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Tí mo bá lọ kí i, kì í dárúkọ ilé. Ó máa ń ní mo ti rù, á sì bu ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò fún mi. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n n kì í lè gbójú sókè wò ó.